Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ Tí Mo Kọ̀ Láti Sin

Bí ẹ bá fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà mi, ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé e. Ó wúwo, igun rẹ̀ kan sì mú, nítorí agolo mílíìkì ni mo gé tí mo fi di ibi tó ti ya. Ọdún kẹtàlá rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde ti di pàǹtí tipẹ́, ṣùgbọ́n òun ṣì wà lórí tábìlì mi ní Bertrams, àdúgbò wa ní Johannesburg, ó ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń gun òkè, ó sì ń ṣiṣẹ́. Kò sí síkúrù kan lára rẹ̀ tí ọwọ́ mi kò tíì tú rí. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní àlòkù lè pè é bẹ́ẹ̀, kó ṣáà má ṣe é lójú mi.

Tòkunbọ̀ ni nígbà tí mo rà á ní Ìkẹjà, ní oṣù tí mo ń palẹ̀ mọ́ láti wá bá ọkọ mi ní Johannesburg. Ó ti rí òkun kí èmi tó rí i. Nígbà náà, mo ti fi ọdún mẹ́fà ya àwòrán ilé ní ọ́fíìsì kan ní Iléṣà. Ọ̀gá mi kì í ṣe ẹni tó máa ń yin ènìyàn, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé mò ń lọ, ó ra ètò ìyàwòrán tí a fi ń ṣiṣẹ́ fún mi, ó fi sínú kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, ó ní, "Gbé e lọ. Kò sí ibi tí o máa dé tí wọn kò ní fẹ́ kọ́lé." Ètò yẹn kì í kúrò nínú ẹ̀rọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi í sí. Àwọn tó ṣe é ti pa á tì, wọn kò tà á mọ́, èyí tí wọ́n sì ń tà báyìí kò lè ṣí àwọn àwòrán tí mo fi ti àtijọ́ yà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló fa gbogbo ìjà tí mo jà lórí ẹ̀rọ yìí.

Nígbà tí mo dé ìlú yìí, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí mi kò tíì tó nǹkan lọ́dọ̀ wọn, kí n fi sílẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi sú mi. Bí mo bá mú ìwé kan wá, wọ́n á ní òmíràn ló kù. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mò ń bá obìnrin ọmọ ìlú wa kan ta aṣọ ní ìsọ̀ rẹ̀ ní àárín ìlú. Bí mo bá ti ìsọ̀ dé, màá gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìjẹun, màá máa ya àwòrán fún àwọn aládùúgbò tó fẹ́ fi yàrá kan kún ẹ̀yìn ilé wọn. Ilé àtijọ́ pọ̀ ní Bertrams, àwọn onílé ibẹ̀ kò sì mọ̀ ju kí wọ́n máa fi yàrá kún yàrá lọ. Orúkọ ẹlòmíràn tó ní ìwé àṣẹ ló máa ń wà nísàlẹ̀ àwòrán, ṣùgbọ́n gbogbo ìlà inú rẹ̀, tèmi ni. Tí mo bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ náà, mo ti di ayàwòrán ilé nìyẹn. Tí mo bá dìde, mo di obìnrin tó ń ká aṣọ. Mo mọ̀ dájú pé ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà yẹn bá kú, aṣọ nìkan ni màá máa ká títí tí màá fi darúgbó.

Ọdún kejì tí mo dé ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Tí mo bá ní kó ṣí àwòrán kan, mo lè lọ gbé omi kaná, kí n padà wá bá a níbi tí mo fi í sí. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin ará Zimbabwe kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìsọ̀ kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, kò jìnnà sí ibi tí a ti ń ta aṣọ. Ó ní mẹ́mórì rẹ̀ ló kéré, òun á fi òmíràn kún un. Mo fa àpótí, mo jókòó tì í. Àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ní òṣómàáló ni wá, a kì í dìde níbi tí ọ̀rọ̀ wa kò bá tíì yanjú. Bí ọkùnrin yìí ṣe ń tú síkúrù ló ń dà wọ́n sórí tábìlì bí ẹni ń da àgbàdo fún adìyẹ.

Mo ní, "My brother, how you go know the one that enters where?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Sisi, relax. A screw is a screw."

Nígbà tó dé e padà, ó ku síkúrù méjì lórí tábìlì, igun kan sì wú sókè. Ó ní shap, kò sí wàhálà. Inú bí mi débi pé mo ní kó tún un tú lójú mi. Mo yọ ìwé ńlá kan nínú báàgì mi, mo gbé rúlà lé e, mo sì ya ìdí kọ̀ǹpútà náà bí a ṣe ń ya ilé, pẹ̀lú gbogbo ihò rẹ̀ níbi tí kálukú wọn wà. Bó ṣe ń tú síkúrù kọ̀ọ̀kan ni mò ń gbà á, tí mo sì ń fi gún ìwé náà ní ojú ibi tí a ti yọ ọ́. Gígùn wà níbi gígùn, kúkúrú wà níbi kúkúrú. Nígbà tí a dé e padà, kò ṣẹ́ku ẹyọ kan, igun rẹ̀ sì sùn dáadáa. Ọkùnrin náà wo ìwé yẹn, ó wò mí, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n ya òmíràn fún òun. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń kọjá tí mo sì rí i.

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo ra irin kékeré tí wọ́n fi ń tú síkúrù, mo sì sọ pé kò sẹ́ni tó máa ṣí ẹ̀rọ mi mọ́ tí kì í ṣe èmi. Tí ọ̀rọ̀ bá rú mi lójú, màá lọ bi ará Zimbabwe mi, á ṣàlàyé, màá padà sílé lọ ṣe é. Mo yọ háàdì àtijọ́ tó máa ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́, mo fi irú èyí tuntun tí kì í pariwo sí i, lẹ́yìn tí mo ti da gbogbo ohun tó wà nínú ti àkọ́kọ́ sínú rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná ní wákàtí méjì méjì ní gbogbo ìlú, tí àwa ọmọ Nàìjíríà ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé NEPA ti tẹ̀lé wa dé ibí, mo fún un ní bátìrì tuntun, ìlà mi kò sì dúró lórí àwòrán. Ọmọbìnrin mi, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, da ògì gbígbóná sórí àwọn bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà náà. Mo fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì eyín, mo sá wọn sórí aṣọ bí ẹ̀gúsí. Ẹyọ méjì péré ni kò jí padà. Nígbà tí ibi tí wọ́n ti ń ṣí i ya, mo gé agolo mílíìkì, mo fi gọ́ọ̀mù líle mú un, mo fi síkúrù dè é. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò tún ya mọ́.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ńlá kan ní Sandton, níbi tí wọ́n ti máa ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ọdọọdún ló máa ń ní òun fẹ́ ra tuntun fún mi. Ọdọọdún ni mo máa ń ní ẹ ṣé o, ẹ jẹ́ kó wà ná.

Á ní, "Ìyàwó mi, sin òkú yìí, ká lè jẹ ìrẹsì."

Èmi náà á ní, "Òkú tó ń ya àwòrán. Ẹ bá mi wá irú ẹ̀ wá."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ nìkan. Ojú ń tì í díẹ̀ ni. Tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wá láti Midrand, tí wọ́n bá agolo mílíìkì lórí tábìlì wa, á rọra da aṣọ bò ó. Mo rí i, mo sì bínú, ṣùgbọ́n n kò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ ni ọjọ́ tó kó òkú kejì mi dànù. Ará Zimbabwe mi ló fún mi ní kọ̀ǹpútà kan tó jọ tèmi bí ìbejì, àmọ́ tó ti kú pátápátá, ó ní kí n tọ́jú ẹ̀yà ara rẹ̀ nítorí ọjọ́ tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Mo fi sí abẹ́ ibùsùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń kó pàǹtí ní àdúgbò wa, mo ń gbálẹ̀ yàrá, mo nawọ́ sábẹ́ ibùsùn, n kò bá nǹkan. Mo ké sí ọkọ mi. Ó ní, "Ìyẹn? Mo ti gbé e síta." Mo sáré jáde. Àwọn ọkùnrin tó máa ń ṣa ike àti irin nínú pàǹtí ti kọjá, wọ́n ń fa ọmọlanke wọn lọ sísàlẹ̀ títì. Ìró tí mo fi jí ló wà lára mi, nẹ́ẹ̀tì irun wà lórí mi, mo sì lé wọn. Róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbí, ló gbà mí. Iná pupa dá wọn dúró, mo bá wọn, mo di kọ̀ǹpútà náà mú lórí ẹrù wọn.

Mo ní, "Please, Baba, this one is mine."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà. "Eish, Mama. Is it gold inside?"

"It is my work inside."

Ó gbé e fún mi. Nígbà tí mo fi máa padà dé ẹnu géètì, ọkọ mi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú táì ọrùn rẹ̀, ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ ilé ìwé. Ọmọ náà ní, "Mummy, everybody was looking at you!" Mo ní kí wọ́n máa wò. Mo wá kọjú sí bàbá rẹ̀, mo ní, "Ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn mi, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ láé." N kò pariwo. Ó wo ojú mi, ó ní òun ti gbọ́. Ó lọ síbi iṣẹ́, n kò sì bá a rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ kejì.

Nígbà tó yá, ìwé ẹ̀rí mi jáde. Wọ́n ní ayàwòrán ilé ni mí ní ìlú yìí náà. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì bíi mélòó kan, ọ̀kan ní Midrand sì pè mí fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní kí n kó àwọn àwòrán tí mo ti yà wá, kí n sì gbé kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ wá, àwọn á fún mi ní ilẹ̀ kan kí n ya ilé sí i lójú wọn. Mo ka ìwé náà fún ọkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ṣé òun máa ra tuntun báyìí? Mo ní gbogbo àwòrán mi wà nínú àgbà yìí, òun náà ló sì máa gbé mi lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ náà, ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà kàn wá. Láti ilé dé ilé la máa ń ṣe é. Ọ̀sán ni, pálọ̀ kún. Bàbá Ẹgbẹ́ wa, ẹni tó dàgbà jù nínú wa, tó ti wà ní Johannesburg kí púpọ̀ nínú wa tó mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ní kí n gbé àwòrán ilé òun jáde káwọn ènìyàn rí i. Èmi ni mo ya ilé tó ń kọ́ sí Iléṣà fún un, ó sì ń fi yangàn. Mo gbé kọ̀ǹpútà jáde, mo ṣí àwòrán náà, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Inú mi dùn. Bátìrì wá ń kìlọ̀ pé òun fẹ́ tán. Mo dìde kí n lọ mú ṣájà mi nínú yàrá.

Bàbá ní, "Níbo lo tún ń lọ? Ṣájà rèé." Ó yọ tirẹ̀ nínú àpò.

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ bá ti kọ̀ǹpútà mi mu, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ ńlá ni, agbára iná rẹ̀ ju èyí tí tèmi lè gbé lọ. A kọ ọ́ sí i gbangba. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n kúkú mú tèmi wá. Iná ti èyí ti pọ̀ jù fún un."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn ènìyàn. "Ẹ gbọ́ ọmọ yìí. Iṣẹ́ iná ni mo ṣe nígbà èwe mi. Mo ti ń fọwọ́ mú iná kí wọ́n tó bí i. Ọmọ mi, ṣájà ni ṣájà."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi fojú sọ fún mi pé kí n má bá àgbà jiyàn nínú ilé ara mi. Ẹ̀yin tí a tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo mọ̀ pé kò dára, mo rí i kà, síbẹ̀ orúnkún mi kanlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ṣájà náà, mo ní ẹ ṣé, sà, mo sì fi ọwọ́ ara mi fi í sí i. Ó dún pá. Òórùn nǹkan tó jóná jáde. Ojú kọ̀ǹpútà mi ṣú.

Bàbá mú ṣájà rẹ̀, ó wò ó, ó ká a padà sínú àpò. Ó ní, "Ẹ̀rọ náà ti gbó ni."

Mo bu oúnjẹ fún wọn. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn. Mo sìn wọ́n dé ẹnu géètì, mo ní ẹ kú ìpàdé o, ẹ kílé. Lẹ́yìn náà, mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sọkún bí ọmọdé. Kì í ṣe Bàbá ni inú ń bí mi sí jù. Ara mi ni. Èmi tí mo lé ọmọlanke láìwọ bàtà nítorí ẹ̀rọ yìí, èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi pa á nítorí pé n kò lè sọ pé rárá fún àgbà lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo pe ará Zimbabwe mi. Ìsìnkú ti gbé e lọ sílé, kò ní dé títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Ó ní, "Sisi, listen. Don't give it to anybody. You still have the dead one? Open the two of them. There is a small board where the charger goes in. Maybe only that one is burnt. Maybe." Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ maybe yẹn.

Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ìjẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí oòrùn wà. Mo yọ ìwé àwòrán mi jáde, èyí tí síkúrù ti gún títí ó fi dà bí asẹ́. Kí n tó dìde láti lọ sí yàrá, ọkọ mi ti wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó fa òkú kejì náà jáde lábẹ́ ibùsùn, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀, ó sì gbé e síwájú mi. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó dúró lẹ́yìn mi.

Mo tú méjèèjì. Ọmọ mi ń gba síkúrù lọ́wọ́ mi, ó ń fi wọ́n gún ìwé, ó ń ní, "This one is a short one, Mummy." Nígbà tí mo dé ibi pátákó kékeré náà, mo rí i pé apá kan rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo yọ ọ́. Mo yọ ti inú òkú. Mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí aṣọ funfun, mo wo ihò wọn, mo wo okùn wọn. Bákan náà ni wọ́n rí. Mo ń fi ti òkú sínú alààyè, ọkọ mi sì ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Rọra. Rọra. A ò kánjú."

Mo dé e padà. Mo lọ mú ṣájà mi, tèmi gan-an, mo fi sí i, mo tẹ bọ́tìnnì. Kò kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà fáànù inú rẹ̀ mí hẹ̀ẹ̀, ojú rẹ̀ là. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò fi gbá ògiri wa láti òdìkejì. Mo ṣí ètò ìyàwòrán, ó ṣí. Mo ṣí àwòrán àkọ́kọ́ tí mo yà ní ìlú yìí, yàrá ẹ̀yìn ilé kan báyìí, gbogbo ìlà rẹ̀ pé.

Ọkọ mi pa tọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Òkú ti jí. Ìrẹsì náà ńkọ́?" Mo se ìrẹsì.

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá Ẹgbẹ́ pe ọkọ mi lórí fóònù. Mo wà nínú yàrá náà, mo ń gbọ́. Ó ní ṣé ìyàwó rẹ kò bínú? Ọkọ mi ní kò bínú, sà. Bàbá gbàdúrà gígùn kan pé Ọlọ́run yóò fi tuntun rọ́pò, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Kò ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo padà sídìí àwòrán mi, nítorí iṣẹ́ wà níwájú mi.

Ní Midrand, ènìyàn mẹ́ta ló jókòó fún mi, kọ̀ǹpútà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tín-ín-rín bí àwo pẹrẹsẹ. Mo gbé tèmi kalẹ̀, ó dún gbì. Ó pẹ́ kó tó là. N kò bẹ̀bẹ̀ fún un. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn na ìka sí agolo mílíìkì, ó béèrè ohun tó jẹ́. Mo sọ fún un. Ó béèrè ẹni tó ń bá mi tún un ṣe. Mo ní èmi ni. Ó fi ìka tẹ ibi tí mo ti dè é, ó rí i pé kò mì, kò sì tún béèrè nǹkan kan mọ́. Wọ́n fún mi ní ilẹ̀ kan tó ga lápá kan, tó sì relẹ̀ lápá kejì, pé kí n ya ilé oníyàrá méjì sí i. Mo tẹ̀lé bí ilẹ̀ náà ṣe rí, n kò bá a jà, mo fi àtẹ̀gùn mẹ́ta sí àárín ilé níbi tí ẹlòmíràn ìbá ti ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ dànù. Mo ya ilé yẹn tán kí àkókò tó pé. Kọ̀ǹpútà mi kò dákú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n pè mí pé kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìpàdé ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé e, ilé ẹlòmíràn ni. Wọ́n ti gbọ́. Bàbá dìde láti gbàdúrà fún mi, ó fi ẹ̀rín sí i, ó ní, "Ẹ rántí o, ọwọ́ mi kan kọ̀ǹpútà yẹn kí ọmọ yìí tó gba iṣẹ́. Ṣájà tèmi ló dán an wò. Ọwọ́ àgbà, ọwọ́ ìbùkún ni." Gbogbo wọn ní àmín, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo dìde. Mo lọ síwájú Bàbá, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Wọ́n rò pé ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, mo dúpẹ́ àdúrà, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ṣájà yín ló jó kọ̀ǹpútà náà, sà. Kì í ṣe pé ó gbó. Mo mọ̀ pé yóò jó kí n tó fi sí i, ojú yín ni mo rò. Ọwọ́ mi ni mo sì fi tún un ṣe."

Ẹnì kan wúkọ́. Bàbá wò mí láti òkè.

"Ìwọ fúnra rẹ lo tún un ṣe?"

"Èmi ni, sà. Ọkọ mi bá mi mú tọ́ọ̀ṣì dání."

Ẹ̀rín bú. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sókè láàárín àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní òótọ́ ni, òun lòun mú tọ́ọ̀ṣì. Bàbá kò tíì rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi lọ́jọ́ náà?"

"Mo sọ, sà. Ẹ ò gbọ́ ni."

Mo wà lórí orúnkún mi, n kò gbé ojú kúrò. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Òótọ́ ni. O sọ. Mi ò gbọ́." Ó na ọwọ́ sí mi. "Dìde, ayàwòrán."

Ọ́fíìsì ti fún mi ní kọ̀ǹpútà tuntun báyìí, ó dára, mo sì ń lò ó níbẹ̀. Tilé yìí ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ ara mi, ọkọ mi kì í sì í da aṣọ bò ó mọ́. Ó máa ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wo agolo mílíìkì náà. Bàbá ń wá sílé wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mìíràn, nítorí ó fẹ́ yí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ padà. Tí bátìrì bá fẹ́ tán, á yọ ṣájà rẹ̀ nínú àpò, á mú un dání, á wo ojú mi.

Á ní, "Ọmọ mi, ṣé èyí bá a mu?"

Màá gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, màá ka ẹ̀yìn rẹ̀, màá ní, "Rárá, Bàbá." Á sì dá a padà sínú àpò rẹ̀.